Ìdọ̀bálẹ̀ Mẹ́ta Tí Kò Délé

Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nígbà mọ́kàndínlógún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àyà mi ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí agolo tí katakata gùn kọjá, ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì ti bó, síbẹ̀ ọwọ́ ìyá mi kò bà lé mi lọ́rùn.

"Ó ti dé," ni ẹní náà wí lábẹ́ mi, bó ti ń wí láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ẹní yìí kì í ṣe ẹní ore o. Ẹní ìbẹ̀wò ni, tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá bí iṣan, tó ń wọn ara ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, tó ń gbé e lọ bá ẹní kejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá ọmọ nílé, tó sì ń gbé ọwọ́ ìyá padà wá bà lé ọmọ lọ́rùn.

"Dìde, kí o tún un ṣe," ni Àǹtí Mopé wí, látorí korobá tó dojú dé tó fi ṣe ìjókòó.

"Ẹ dákun, ẹ má sọ 'dìde' fún mi, Àǹtí. Nílé wa, ẹni tí a dọ̀bálẹ̀ fún nìkan ló ń sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ibẹ̀ la ó wà."

"Ta ló wà níbẹ̀ rí?"

"Àbúrò bàbá mi. Ó ṣẹ bàbá àgbà, bàbá àgbà kò ní kó dìde, ó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Adìẹ yé ẹyin mẹ́fà sí i lẹ́yìn, ó sì pa gbogbo rẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló sì ń tún ihò ṣe fún gbogbo àdúgbò wa ní ìlú orí òkun tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí. VPN ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ihò ni gbogbo wa ń pè é, torí ohun tó jẹ́ náà nìyẹn: a gbẹ́ ẹ láti inú yàrá ẹni, ó gba abẹ́ omi, ó gba abẹ́ ilẹ̀, ó lọ yọ sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré ilé ẹni, níbi tí ojú olè kò tó.

Ó nawọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ tó jáde lára ògiri mi láàárọ̀. "Kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Awò mi ti gbó."

Mo kà á. "Ládépò, ọmọ Agboolé Mọ́kànlélógójì, Ìdí-Ìyeyè. Ìbẹ̀wò ìtàdógún kìíní kò dé. Ìkejì kò dé. Ìkẹta parí lónìí ní aago méjìlá ọ̀sán." Mo fọwọ́ gbá ìwé náà. "Kò dé kẹ̀? Méjèèjì ni mo ṣe. Ẹní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dé."

"Ẹní ń sọ ohun tó rí."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi ohùn pe ìyá mi, kí n bi í."

"Ohùn?" Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ọdún tí àwọn olè ohùn fi ohùn baálẹ̀ yín ta ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí, ṣé o kò tíì gbọ́njú ni? Ta ló tún ń gba ohùn gbọ́ láàárín òkun àti ilẹ̀? Inú ihò nìkan ni ohùn ṣì ti ń rìn, ihò tìrẹ sì rèé, ó yadi. Ara ni ìjọba ń gbà, ara tó wúwo, tó ń mí."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, torí èmi ni mo fi búrẹ́dì tan Jagun, ajá ilé oúnjẹ wa, lọ́dún tó kọjá, tí mo mú un sùn gbalaja lórí ẹní dípò ara mi, kí n lè mọ̀ bóyá ìyá mi á dá a mọ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ajá lọ́rùn láti Ìdí-Ìyeyè. Ó súre fún un: á kọ́lé, á bímọ, ọmọ rẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá tọ ẹ̀yìn ajá dé ìdí. Ó fi oríkì mi pè mí, "Àkàngbé, láti ìgbà wo lo ti ń ju ìrù?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ilẹ̀ mì títí dé ìlú kejì, tí gbogbo ìyeyè orí igi re sílẹ̀, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí n kò rí ọwọ́ rẹ̀ ní ìtàdógún àkọ́kọ́ tí mo kó wọ yàrá tuntun yìí, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ìyá mi ń gba ẹ̀san ajá. Nígbà tí n kò rí i ní ìkejì, mo ní, áà, ìyá yìí mọ eré ṣe jù mí lọ. Ẹní ṣáà ní ó dé. Kí ló kù kí n máa wádìí?

Àǹtí Mopé gbé etí lé àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ihò mi. Iná rẹ̀ ń tàn, àwọ̀ ewé, ó mọ́ rekete.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ pé," ló wí. "Wọ́n gbà ọ́ wọlé lọ́hùn-ún. Ihò ṣí gbayawu. Àmọ́ ó gbẹ bí kànga ọ̀gbẹlẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù méjì, eṣinṣin kò gba inú rẹ̀ kọjá."

"Ibo wá ni mò ń dọ̀bálẹ̀ sí?"

"Ìyẹn ni mo wá wá."

Aago mọ́kànlá ti lù. Lójú ìjọba, ìyá tí ìbẹ̀wò mẹ́ta kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lọ́mọ. Ní aago méjìlá, ọkọ̀ funfun á dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi. Wọ́n á gbé e lọ sí Ilé Àgbà, wọ́n á sì fi ẹlòmíràn sínú ilé tí bàbá mi kọ́. Ẹni tó bá dé Ilé Àgbà kì í padà.

"Kí ni ìyá rẹ ní nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀?"

"Nǹkan márùn-ún péré. Ilẹ̀kùn ni ìkíní. Ẹ̀rọ kànga ni ìkejì. Àpótí oògùn ni ìkẹta. Ẹní ni ìkẹrin. Àga rẹ̀ ni ìkarùn-ún."

"Fi ẹní sílẹ̀ ná. Ní kí kànga fa omi."

Mo kọjú sí ògiri. "Agboolé mọ́kànlélógójì, ìkejì, fa omi."

"Ó ti dé," ni ògiri wí.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ, ó ń dà ṣuuru. Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n fò gba òrùlé jáde. "Ẹ gbọ́ ọ, Àǹtí. Omi wa nìyẹn. Bàbá mi ló gbẹ́ kànga yẹn, ó gbẹ́ ẹ títí ó fi ń gbọ́ bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ayé ṣe ń jà lórí ẹ̀wà..."

Àǹtí Mopé kò dúró gbọ́ ti bàbá mi. Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mi. Ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ mi ló ń dà.

A wo omi náà.

"Pe ìkíní," ló wí.

"Agboolé mọ́kànlélógójì, ìkíní, ṣí."

Ilẹ̀kùn yàrá mi ṣí lẹ́yìn wa. Afẹ́fẹ́ òkun wọlé, ó gbé ìwé ìkìlọ̀ nílẹ̀, ó gbé e lọ sábẹ́ ìbùsùn.

"Ládépò." Ó rọra pè mí, bí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ tẹ ojú egbò. "Ta ló fún yàrá yìí ní nọ́ńbà?"

"Èmi ni."

"Nọ́ńbà wo?"

Ẹnu mi, tó máa ń ṣíwájú mi dé gbogbo ibi, kò fẹ́ lọ. "Mọ́kànlélógójì."

"Ìkíní?"

"Ilẹ̀kùn."

"Ìkejì mo ti rí. Ìkẹta?"

"Àpótí oògùn. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹ̀pà ni mo ń kó sí i."

"Ìkẹrin ni ẹní. Ìkarùn-ún wá ńkọ́?"

Mo wo àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Òun náà wò ó. Láàárọ̀ tó wọlé, ó ti fẹ́ jókòó lé e, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, mo fún un ní korobá. Ẹsẹ̀ àga náà le ju tèmi lọ. Ìyá mi kì í wọ ọkọ̀ ojú omi, kò ní wọ̀ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n mo ra àga fún un.

"Ó lé ní ọdún méje tí mo fi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì alájà mẹ́fà," ni mo wí, "pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí ìhanrun wọn lè ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní yàrá tèmi, akọ̀wé ní kí n fún un ní nọ́ńbà tó bá wù mí. Kí ni ìbá tún wù mí, Àǹtí? Mo fẹ́ kó jọ ilé."

Ó lọ pa omi balùwẹ̀, ó padà wá, ó jókòó sórí korobá.

"Bí o bá rán ẹnìkan ní, 'Bá mi pe Ìyá Àgbà wá,' tí Ìyá Àgbà kan sì wà nínú yàrá yìí gan-an, èwo ni onítọ̀hún máa pè?"

"Èyí tó wà nítòsí."

"Ṣé ó máa kó sínú ihò lọ wá òmíràn?"

"Kò ní lọ."

"Ẹ̀rọ yìí kò gọ̀, kò sì bà jẹ́. Ìwọ lo sọ fún un pé ibí ni ilé. Ó gbà ọ́ gbọ́."

Ẹní yẹn máa ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ mi nígbàkigbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀. Mo ti rò pé ìgbì ni. Kì í ṣe ìgbì. Ara mi tó ń dé ni. Láti ìtàdógún mẹ́ta, Ládépò ló ń dọ̀bálẹ̀ fún Ládépò, ó ń bi í léèrè ẹ̀yìn dídùn, ó ń sọ fún un pé kó má gbàgbé oògùn rẹ̀. Eré tó dùn jù lọ tí mo ṣe láyé nìyí, n kò sì mọ̀ pé mo ń ṣe é.

"Ṣé ó ní àtúnṣe?"

"Ó rọrùn bí ẹ̀kọ mímu. Ká fún yàrá yìí ní nọ́ńbà mìíràn. Méjìlélógójì. Bí o bá ti pe mọ́kànlélógójì, ẹ̀rọ á wò yíká, kò ní rí i níbí, á wọ ihò lọ wá a." Ó ń wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n o mọ òfin."

Mo mọ òfin. Ọdún mẹ́jọ la fi ń ṣiṣẹ́ lórí òkun kí wọ́n tó fún wa ní ọkọ̀ ìpadàlé. Mo ti fi ọdún méje àti oṣù mẹ́wàá ha ìkarahun kúrò lábẹ́ ìlú yìí, mo ti ha á débi pé bí wọ́n bá kó o jọ, á ga ju Òkè Olúmọ lọ, ẹja á máa gun orí rẹ̀ lọ ṣeré. Nọ́ńbà tí ènìyàn bá sì ti fún yàrá rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ọdún tó ti ṣe sí. Ẹni tó bá pa á dà, àlejò tuntun ni. Ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

"Ẹ jẹ́ ká yí ti ìyá mi padà dípò tèmi."

"Ta ló máa yí i? Inú rẹ̀ la gbọ́dọ̀ wà ká tó yí i, a kò sì lè dé inú rẹ̀."

"Ẹ gbé e gba ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́n jù wọ́n lọ."

"Mo gbé e gba ẹ̀yìn fún ẹnìkan rí. Wọ́n sun ọdún tèmi, wọ́n dá mi padà sí òdo. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà lórí omi yìí, Ládépò. Ìyá tí mo fẹ́ lọ rí kò sí láyé mọ́."

Ìgbì òkun ń lu òpó ilé wa. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún.

"Ọ̀nà kejì wà," ló wí. "Kí o dákẹ́. Kí aago méjìlá lù. Wọ́n á bi ìyá rẹ pé ta ni ọmọ rẹ̀. Bó bá dárúkọ rẹ, wọ́n á sun ọdún rẹ. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí àwọn ìyá ń sọ."

"Wọ́n ń ní àwọn kò bímọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ á tẹ̀ka sí ìwé pé òun kò bímọ. Oṣù méjì sí i, ìwọ wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ló ti gba ọ̀nà yẹn lọ. N kò bú wọn."

"Lọ sí ilé wo?"

Mo rò ó wò. Ẹ má jẹ́ kí n pa irọ́, mo rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Mo rí èbúté. Mo rí ara mi tí mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì, tí mo ń bi ara ọ̀nà léèrè ibi tí wọ́n ń kó àwọn aláìlọ́mọ sí, kí n lè dúró lẹ́yìn wáyà máa wo obìnrin kan tí ìwé sọ pé kò bí mi.

"Ẹ pa á dà," ni mo wí.

Àǹtí Mopé tẹ nǹkan lára àpótí. Ògiri béèrè lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹja yìnyín: "Ìkíní. Ṣé ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ti mọ́kànlélógójì?"

"Kì í ṣe tirẹ̀."

Ilẹ̀kùn mi kú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá kó tó jí.

"Ìkejì. Ṣé omi yìí kì í ṣe ti mọ́kànlélógójì?"

"Kì í ṣe tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kú, ó ń jí ní àjèjì. Àpótí ẹ̀pà. Ẹní. Nígbà tó dé orí àga, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀ kí n tó dáhùn. N kò mọ ìdí. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ó tó," ni Àǹtí Mopé wí. "Pè é."

"Agboolé mọ́kànlélógójì, ìkejì, fa omi."

Balùwẹ̀ mi dákẹ́. A dúró. Láti inú ògiri, láti ọ̀nà jíjìn jíjìn, nǹkan kan wúkọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí àgbàlagbà tí a jí lójú oorun, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Kànga bàbá mi. Mo mọ ikọ́ rẹ̀.

"Ìkíní, ṣí," ni mo wí, ohùn mi kò sì jọ tèmi mọ́.

Ilẹ̀kùn ìyá mi dún kín-ín-kín-ín. Mo gbọ́ adìẹ. Mo gbọ́ ewé ìyeyè. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan: "Ta nìyẹn? Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn tí mo ń fi ìṣó kàn pa?"

Bàbá Káfíńtà ni, aládùúgbò wa. Inú ihò la wà, kò sí olè ohùn níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Èmi Ládépò ni. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé mo ti dé. Ẹ ní kó wá jókòó, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣì wà."

Mo gbọ́ bí ó ṣe gbé òòlù sílẹ̀.

"Ládépò," ló wí. "Ìwọ nìyí lóòótọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ pè é kíákíá."

"Ó ti lọ."

"Ọkọ̀ kò tíì dé. Aago kò tíì lù."

"Kò dúró de ọkọ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì wọn. Èmi ni mo gbé àpò rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n bi òun lẹ́nu ọ̀nà, kí ara àdúgbò má baà gbọ́ ohun tí òun máa sọ."

Àǹtí Mopé ti bo ojú rẹ̀.

"Kí ló sọ, Bàbá?"

"O mọ ohun tó sọ. Ó tẹ̀ka sí i ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Mo ní, 'Ìyá Ládépò, ẹ ní sùúrù, ó ku wákàtí kan.' Ó ní oṣù méjì ló kù fún ọ, òun ti ń kà á lára ògiri, òun kò lè fi wákàtí kan ta tẹ́tẹ́." Ó fọn imú. "Ládépò, kí ló ṣe ọ́? Ìtàdógún àkọ́kọ́, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ẹní, kò rí ọ. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, 'Àkàngbé ti tún gbé eré rẹ̀ dé.' Ìkejì, ó jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní, 'Eré yìí gùn o.' Lónìí, kò sọ nǹkan kan. Ó gbọ́wọ́ lé ẹní, ó gbé e kúrò, ó ní kí n mú àpò."

N kò ní eré kankan. Ó ti ń dúró kí n yọ sóde láti ẹ̀yìn nǹkan.

"Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀."

Mo lọ sórí ẹní. Àǹtí Mopé ní, "Ládépò, kò sí ẹni tó máa gbà á," ṣùgbọ́n mo ti wà nílẹ̀, àyà mi lórí wáyà, iwájú orí mi lórí ilẹ̀. Ẹní kò gbọ̀n lábẹ́ mi. Ó lọ. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó lọ, gbogbo ìwúwo mi, gba abẹ́ omi kọjá.

"Ó ti dé," ni ẹní wí. "Àga ìkarùn-ún ṣófo."

Mi ò mira.

"Nǹkan kan ń bọ̀ nínú ihò," ni Àǹtí Mopé wí. Etí rẹ̀ wà lára àpótí. "Láti ọ̀hún ló ti ń bọ̀. Ẹní ìyá rẹ ti kó o pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò rí ọ̀nà fi í ránṣẹ́."

Ọwọ́ kan bà lé mi lọ́rùn.

Ó gbóná. Ó fúyẹ́, ó ń gbọ̀n wìrìwìrì, bí ọwọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ara rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ kejì bà lé mi, èyí wúwo, ó sì pẹ́, ó pẹ́ bí ọjọ́ kan odidi tí wọ́n ká pọ̀ sínú ìṣẹ́jú kan. Òun náà kúrò. Ìkẹta dé. Èyí kò súre. Ó di ẹ̀yìn ọrùn mi mú, àtàǹpàkò lápá kan, ìka mẹ́rin lápá kejì, bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tó bá fẹ́ wẹ̀ mí, tí mo sì fẹ́ sá. Ó dì í mú pinpin. Lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀, ìka kan tẹ̀lé òmíràn.

Aago méjìlá lù. Lọ́hùn-ún, Bàbá Káfíńtà gbé òòlù rẹ̀.

Àǹtí Mopé kúrò lórí korobá, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó rántí ohun tí mo sọ fún un láàárọ̀, ó pa á dé.

Mo wà nílẹ̀, mo dojú dé ẹní, mò ń retí kí ìyá mi ní kí n dìde.